Láptọ́ọ̀pù Yín Ò Yadi: Ibi Tí Ohùn Máa Ń Há Sí Nínú Linux

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń wọ Computer Village n'Íkẹjà: "Ẹ bá mi fi Linux sí i." Kò yani lẹ́nu. Windows 11 kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ ti Intel, àfi kó jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì láti Otigba dé Pepple ni kò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara wọn ṣì le koko.

Wọ́n á fi Linux sí i, ẹ̀rọ á máa sáré. Ó di ìgbà tí ẹ bá ṣí YouTube: ẹnu olórin ń mì, ọwọ́ onílù ń lọ sókè sódò, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ gbé ohùn sókè dé òpin, pàbó. Ẹ gbé e padà lọ bá ẹni tó bá yín ṣe é.

"Ẹnjiníà, kò sọ̀rọ̀ o."

"Sípíkà yín ti jó nìyẹn, Àǹtí. Tàbí ká kúkú fọ́mátì ẹ̀, ká dá Windows padà."

Lọ́pọ̀ ìgbà, sípíkà ò jó, kò sì sídìí fún fọ́mátì. Ohùn náà ń jáde látinú fídíò. Ó há síbìkan lójú ọ̀nà ni, tàbí kó ti yà sílé ẹlòmíràn. Ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà náà lè mọ ibi tó há sí, kó tó fowó ra sípíkà tí kò nílò.

## Kí ni Linux, kí sì ni Mint?

Linux gan-an ni sọ́fítíwíà ìsàlẹ̀ tó ń bá ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà: bátìrì, kíbọọ̀dù, ojú síkírínì, sípíkà. Kernel ni wọ́n ń pè é. Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ohun tí ẹ ń fojú rí, ìyẹn mẹ́nù, Settings àti àwòrán ẹ̀yìn, àwọn mìíràn ló kó o lé e lórí tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tiwọn: Ubuntu, Linux Mint, Fedora, Debian. Ìdí nìyí tí ojú-ewé Sound ti Mint kò fi jọ ti Ubuntu, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan náà ni ohun tó wà nísàlẹ̀ méjèèjì. Mint ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ó máa ń bá ẹ̀rọ tó ti dàgbà mu.

## Ọwọ́ ta ni ohùn ń gbà kọjá?

Ẹ fojú inú wo ilé kan ní Mushin tí àyálégbé pọ̀ sí, tí táàǹkì omi kan ṣoṣo wà lókè rẹ̀. Omi á sọ̀ kalẹ̀ láti inú táàǹkì, á dé oríta páìpù níbi tí wọ́n ti pín in sí yàrá-yàrá, tí wọ́n sì ti lè tì í tàbí kí wọ́n ṣí i, kó tó wá dé ẹnu táàpù. Bí táàpù ilé ìdáná yín ò bá yọ omi, kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ lọ pe àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hòólù. Ẹ máa wò ó bóyá ẹnì kan ló ti oríta pa, tàbí bóyá balùwẹ̀ ará iwájú ni gbogbo omi ń yà lọ.

Áàpù tó ń kọrin, bíi Firefox tàbí VLC, ni táàǹkì. Oríta páìpù ni sọ́fítíwíà kan tí kì í fara hàn, tó ń gba ohùn lọ́wọ́ gbogbo áàpù tó bá ṣí, tó ń pò wọ́n pọ̀, tó sì ń pinnu ibi tí wọ́n máa gbà jáde: sípíkà, íápíìsì, tẹlifíṣàn tàbí Bluetooth. Lórí Linux tuntun, PipeWire ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lórí ti tẹ́lẹ̀, PulseAudio ni. Láti oríta, ohùn á wọ inú kernel, níbi tí ALSA wà. ALSA ló mọ káàdì ohùn lójú, ìyẹn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí sípíkà. Òun ló ń lo dráífà, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó gbọ́ èdè irú káàdì kan pàtó. Lẹ́yìn ALSA ló wá kan káàdì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn káàdì ló kan sípíkà, tí í ṣe ẹnu táàpù.

Áàpù, oríta àti ALSA, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè pa ohùn mọ́ láìjẹ́ pé àwọn yòókù mọ̀. Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyẹn. Ohùn lè wà ní 100 lójú yín lókè, kó jẹ́ pé nísàlẹ̀, wọ́n ti tì í pa.

## Kí ló dé tí orúkọ fi pọ̀ tó báyìí?

Ẹni tí kò fẹ́ ju kí orin jáde lọ lè fo ibí yìí, ṣùgbọ́n ó máa gba ẹni tó bá kà á lọ́wọ́ ìmọ̀ràn tó ti gbó.

Nínú kernel 2.6, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2003, ni ALSA ti gba ipò lọ́wọ́ OSS tó wà níbẹ̀ ṣáájú. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì ìgbà náà, bí áàpù kan bá ti di ohùn mú, àwọn tó kù á máa wò ó ni. Lennart Poettering wá bẹ̀rẹ̀ PulseAudio ní 2004, kí gbogbo áàpù lè jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fedora gbà á wọlé ní 2007, Ubuntu ní 2008, àwọn tó ń lò ó sì pariwo gan-an pé ohùn ń já. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Wim Taymans tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Red Hat kọ PipeWire, tó ń bójú tó ohùn àti fídíò pọ̀. Fedora 34 fi rọ́pò PulseAudio ní 2021, Ubuntu ṣe bẹ́ẹ̀ láti 22.10, Mint sì ṣe é láti 22, tó jáde ní 2024.

Ìmọ̀ràn táwọn ènìyàn fìbínú kọ lásìkò ariwo yẹn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní, pé kí ẹ fa PulseAudio tu pátápátá. Ẹ má dán an wò. Lórí àwọn Ubuntu kan, ó lè fa apá kan nínú ojú ẹ̀rọ yín tu tẹ̀lé ara rẹ̀. Kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ tiyín. Ẹ ṣí Terminal, ìyẹn ojú dúdú tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ tẹ èyí, kí ẹ sì tẹ Enter:

pactl info

Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Server Name. Bí ẹ bá rí PipeWire nínú ìlà náà, òun ló wà lóríta. Bó bá jẹ́ pulseaudio nìkan ló wà níbẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ni. Bó bá sì dáhùn pé Connection refused, kò sẹ́nì kankan lóríta nìyẹn.

## Ṣé kì í ṣe pé ohùn ti yà sílé ẹlòmíràn?

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, HDMI ló ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wáyà HDMI kì í gbé àwòrán nìkan, ó ń gbé ohùn pẹ̀lú. Bí ẹ bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣàn ní pálọ̀ láti wo bọ́ọ̀lù, oríta á darí ohùn sọ́hùn-ún, ó sì lè máa rántí ọ̀nà yẹn nìṣó. Ti mọ́nítọ̀ tún burú jù: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ni kò ní sípíkà rárá, ṣùgbọ́n HDMI wọn á gba ohùn tọwọ́-tẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ ọ.

Lórí Mint, ẹ tẹ àwòrán sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ yan Sound Settings, kí ẹ wo Output. Lórí Ubuntu, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Sound, kí ẹ wo Output Device. Ibi tí wọ́n bá kọ Speakers tàbí Built-in Audio sí ni ti ara láptọ́ọ̀pù. Ẹ yan án, ẹ tẹ Test. Bó bá fọhùn, ọ̀rọ̀ parí.

Bí kò bá fọhùn, ojú-ewé yẹn kò ní lè sọ ìdí fún yín. Èmi ò mọ irinṣẹ́ tó dára tó pavucontrol fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ ṣe máa fi í sórí Mint tàbí Ubuntu nìyí, nínú Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ:

sudo apt install pavucontrol

Nínú mẹ́nù, orúkọ tó máa ń jẹ́ ni PulseAudio Volume Control tàbí Volume Control. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí PipeWire, torí PipeWire gbọ́ èdè PulseAudio, ó sì máa ń dá a lóhùn bí ẹni pé òun gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ, kí ẹ wá ṣí Playback nínú pavucontrol. Ẹ máa rí orúkọ Firefox, ẹ ó sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń nà tó ń súnkì bí olórin bá ṣe ń ké sí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bó bá ń mì, omi ti kúrò nínú táàǹkì, ó ti dé oríta. Bí kò bá mì rárá, ẹ fi sípíkà sílẹ̀. Inú Firefox ni ọ̀rọ̀ wà. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti tẹ Mute lórí táàbù náà láìmọ̀, ó sì lè jẹ́ pé fídíò ọ̀hún ò lóhùn láti ilé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Firefox, wọ́n á kọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ, bí ibi tó lè lọ bá ju ẹyọ kan lọ. Bó bá jẹ́ HDMI ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ yí i sí Built-in Audio. Ohùn á yà wá lójú ẹsẹ̀, fídíò ò tiẹ̀ ní dúró. Ìlà tó ń mì bẹ́ẹ̀ tún wà nínú Output Devices, lábẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan tí ohùn lè gbà jáde. Bó bá ń mì lábẹ́ Built-in Audio, tí wọn ò pa á mọ́ níbẹ̀, tí ẹ kò sì gbọ́ nǹkan kan, oríta ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ALSA.

Bí Speakers kò bá tiẹ̀ sí nínú Output ńkọ́, tó jẹ́ HDMI nìkan ló dá wà níbẹ̀? Ẹ lọ sí Configuration, tó wà ní ìparí. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel, káàdì kan náà ló ń ṣe ti sípíkà àti ti HDMI, Profile sì ni wọ́n fi ń yan èyí tó máa ṣe. Bí Profile bá wà ní Digital Stereo ti HDMI, sípíkà lè pòórá nínú Output. Bó bá wà ní Off, káàdì náà ò ní sí níbì kankan. Ẹ yan Analog Stereo Duplex: Duplex yẹn ni pé ohùn ń jáde, máìkì náà sì ń wọlé. Bí HDMI bá ní káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ẹ kì í sì í lò ó, ẹ lè gbé ti HDMI sí Off, kó má tún yọ yín lẹ́nu mọ́.

## Wọ́n kọ Dummy Output. Ṣé káàdì ti kú ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oríta wo ọ̀tún wo òsì, kò rí páìpù kan tó jáde, ó wá gbé ayédèrú kan síbẹ̀ kí àwọn áàpù lè ríbi da ohùn sí. Ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé kernel rí káàdì? Ẹ tẹ:

aplay -l

Bó bá to orúkọ káàdì sílẹ̀, card 0 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kernel ń rí i. Oríta ló sùn lọ. Bó bá jẹ́ PipeWire ló wà níbẹ̀, ẹ jí i báyìí:

systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber

Ẹ má fi sudo síwájú rẹ̀. PipeWire tó ń ṣiṣẹ́ fún yín, ti àkáǹtì tiyín ni, kì í ṣe ti rúùtù, alábòójútó ẹ̀rọ tí sudo ń ṣojú fún. WirePlumber tó wà ní ìparí àṣẹ yẹn ló ń rántí káàdì tí ẹ yàn àti ibi tí ẹ gbé ohùn dé, inú fódà .local/state/wireplumber ló sì ń kọ ọ́ sí. Bí ìrántí yẹn bá dàrú, ẹ yí orúkọ fódà náà padà, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì, ẹ tún wọlé. Á ṣí òmíràn fúnra rẹ̀.

Bí aplay bá ní òun kò rí soundcards, ọ̀rọ̀ ti kọjá oríta. Ẹ wo bóyá kernel ní dráífà fún un:

lspci -k | grep -iA3 audio

Ìlà tí ẹ ń wá ni Kernel driver in use. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, snd_hda_intel ló máa wà níbẹ̀. Àwọn Intel tó tuntun díẹ̀ ń lo èyí tí sof wà nínú orúkọ rẹ̀, ìyẹn Sound Open Firmware. Irú wọn kì í sọ̀rọ̀ bí fáìlì fẹ́ẹ̀mùwíà kan, ìyẹn sọ́fítíwíà tí káàdì fúnra rẹ̀ ń lò, kò bá sí lórí ẹ̀rọ. Lórí Debian, Ubuntu àti Mint, firmware-sof-signed ni orúkọ rẹ̀. Lórí Fedora, alsa-sof-firmware. Ẹ fi í sí i, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. Bó bá sì jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láyé, ó lè jẹ́ pé kernel tó wà lórí rẹ̀ ti jáde kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ náà, kò sì mọ̀ ọ́n. Nínú Update Manager ti Mint, lábẹ́ View, Linux Kernels wà. Ẹ lè gba tuntun níbẹ̀.

Àwọn tó ṣì fi Windows sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Linux ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwọn. Ohun kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ Fast Startup. Bí ẹ bá tẹ Shut down, kì í pa ẹ̀rọ tán pátápátá, ó sì lè fi káàdì ohùn sílẹ̀ ní ipò tí Linux ò ní mọ bí òun ṣe máa jí i. Ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ bí ẹ bá ń tẹ Shut down nínú Windows, tàbí kí ẹ lọ pa Fast Startup náà nínú Control Panel.

## Kí ni MM tó wà nínú alsamixer?

Ẹ tẹ alsamixer nínú Terminal. Ojú dúdú kan á ṣí pẹ̀lú àwọn òpó tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí sábà máa ń jẹ́ ti PipeWire, òpó méjì péré, Master àti Capture. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ti wo alsamixer, kò sí nǹkan. Wọn ò tíì wò ó. Ẹ tẹ F6, kí ẹ yan káàdì gidi: HDA Intel PCH lórí ọ̀pọ̀ Intel, HD-Audio Generic lórí ọ̀pọ̀ AMD. Ìgbà yẹn ni Headphone, Speaker, PCM àti àwọn yòókù máa tó jáde.

Lábẹ́ òpó, àpótí kékeré kan wà. Bó bá ní 00, ó ṣí sílẹ̀. Bó bá ní MM, wọ́n ti tì í. Ẹ fi ọfà ọ̀tún àti òsì rìn dé orí òpó tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ M, MM á di 00. Ẹ wá fi ọfà òkè gbé e sókè. Ó lè jẹ́ pé Master ṣí, Speaker sì wà ní MM. Irú èyí ni yóò mú kí íápíìsì máa sọ̀rọ̀ kí sípíkà sì dákẹ́, òun náà ni wọ́n sì ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé sípíkà ti jó.

Ẹ máa rìn lọ sápá ọ̀tún, ẹ lè bá Auto-Mute Mode pàdé. Òun ló ń pa sípíkà lẹ́nu mọ́ nígbà tí ẹ bá ki íápíìsì bọ ihò rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú ihò náà tí íápíìsì ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí káàdì mọ̀ pé nǹkan ti wọlé. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ti lo ọdún púpọ̀ nílùú òyìnbó, tó tún wá jẹ eruku ọyẹ́ tiwa, irin yẹn lè há síbi tí wọ́n tì í sí. Ẹ̀rọ á máa rò pé íápíìsì ṣì wà nínú ihò. Ẹ ó mọ̀ bí Output bá ń sọ pé Headphones nígbà tí ihò ṣófo. Ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́ kí ẹ tún yọ ọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ó máa ń tú u sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ro inú rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ gbé Auto-Mute Mode sí Disabled, kí ẹ sì fọwọ́ yan Speakers nínú Output. Kí ohun tí ẹ ṣe má bàa pa rẹ́, ẹ tẹ Esc láti jáde, kí ẹ wá tẹ:

sudo alsactl store

## Kí ló dé tí Bluetooth fi ń bàjẹ́ nígbà ìpàdé?

Orin dùn nínú íápíìsì Bluetooth yín. Bí ẹ bá ti wọ ìpàdé Zoom báyìí, ohùn gbogbo ènìyàn á tín-ín-rín, bíi ti ìpè fóònù. Linux kọ́ ló fà á. Ọ̀nà méjì ni Bluetooth máa ń gbà gbé ohùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní A2DP dára fún orin, ṣùgbọ́n kò ní máìkì. HFP ní máìkì, ohùn ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìpè fóònù ni wọ́n ṣe é fún, kò sì gbé ohùn tó nípọn. Bí Zoom bá ti béèrè máìkì tó wà lára íápíìsì náà, WirePlumber á fi A2DP sílẹ̀, á bọ́ sórí HFP.

Ẹ yan máìkì láptọ́ọ̀pù nínú Zoom dípò ti íápíìsì. Bó bá ti yí padà, ẹ dá a padà sí A2DP nínú Configuration. Ohùn yín á máa gba ara láptọ́ọ̀pù wọlé, ẹ ó sì máa gbọ́ tàwọn ẹlòmíràn dáadáa. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé máìkì láptọ́ọ̀pù á gbé ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọ ìpàdé pẹ̀lú yín.

## Ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n ó ń ta, ó ń já

Ẹ wo àsìkò tó ń ta. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ orin ló máa ń ta "tó!", tàbí tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gé, káàdì ló ń sùn láti ṣọ́ bátìrì. Àṣẹ yìí á fi hàn yín:

cat /sys/module/snd_hda_intel/parameters/power_save

Bí nọ́ńbà tó jáde bá ju 0 lọ, iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń dákẹ́ kó tó sùn nìyẹn. Ẹ ṣe fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .conf sínú /etc/modprobe.d, kí ẹ kọ ìlà kan yìí sínú rẹ̀, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn:

options snd_hda_intel power_save=0

Bó bá ń ta kìkì nígbà tí ẹ bá gbé ohùn kọjá 100, ẹ gbé e wálẹ̀. Sípíkà láptọ́ọ̀pù kéré, kò sì sí àṣẹ tó lè sọ ọ́ di ti ọlọ́jọ́ ìbí òpópónà.

Hùnùnùn tí kì í dákẹ́ nínú íápíìsì nígbà tí ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, ẹ yọ ṣájà wò fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá lọ, ṣájà tàbí iná tó ń gbà ló ń da wáyà ohùn láàmú. Kò sí ohun tí ẹ lè yí padà nínú Linux tó máa mú un kúrò. Ṣájà tó dára ni kí ẹ wá.

## Máìkì ńkọ́?

Ọ̀nà kan náà ni, ó kàn ń lọ sẹ́yìn ni. Ẹ ṣí Input Devices nínú pavucontrol, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Bó bá ń mì tí ìpàdé ò sì gbọ́ yín, aṣàwárí íntánẹ́ẹ̀tì yín ni kò tíì fún ìpàdé náà láṣẹ láti lo máìkì. Bí kò bá mì, ẹ tẹ F4 nínú alsamixer, kí ẹ wo bóyá wọ́n kọ CAPTURE sábẹ́ òpó Capture; bí kò bá sí, ẹ tẹ Space. Ẹ tún wo ẹnu íápíìsì yín. Èyí tó ní òrùka dúdú mẹ́ta ní máìkì, èyí tó ní méjì kò ní. Láptọ́ọ̀pù àgbà tó ní ihò méjì, ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún máìkì, kì í gbọ́ máìkì íápíìsì fóònù bí kò bá sí wáyà tó ń pín in sí méjì.

## Ìgbà wo ló jẹ́ sípíkà lóòótọ́?

Bí íápíìsì bá ń sọ̀rọ̀, tí Speaker wà ní 00, tí Auto-Mute wà ní Disabled, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ń mì lábẹ́ Speakers, tí ẹ kò sì gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀, a lè wá fura sí i. Ẹ tẹ èyí:

speaker-test -c 2 -t wav

Obìnrin kan á máa wí pé "Front Left", "Front Right", ní ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀lé èkejì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀kan tí ẹ kò gbọ́ èkejì, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wáyà tàbí sípíkà ti ní àbùkù. Ctrl àti C ló ń dá a dúró.

Ohun tó máa pa àríyànjiyàn ni fílááṣì. Mint àti Ubuntu lè ṣiṣẹ́ látorí fílááṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Bí ohùn bá jáde látibẹ̀, sípíkà àti káàdì yín pé. Inú ètò tó wà lórí ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ há sí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ yín. Bí kò bá jáde látorí fílááṣì, tí kò sì jáde nínú Windows náà, ẹ sanwó sípíkà. Bí ẹ bá sì fẹ́ bi ẹlòmíràn fún ìrànlọ́wọ́, ẹ má kàn kọ pé "kò sọ̀rọ̀". Ẹ tẹ inxi -A, tó máa ń wà lórí Mint láti ilé, kí ẹ da ohun tó bá sọ kọ síbẹ̀. Orúkọ káàdì, dráífà àti ẹni tó wà lóríta, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìlà díẹ̀ yẹn.

Fílááṣì yẹn náà ni kí ẹ mú dání bí ẹ bá ń lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Otigba. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi tan ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò tó bá ní rárá, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí Sound, ẹ tẹ Test fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ sọ̀rọ̀ sí máìkì kí ẹ wo ìlà. Ẹ ki íápíìsì bọ ihò rẹ̀, kí ẹ wá yọ ọ́. Bí sípíkà kò bá padà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yọ íápíìsì, irin inú ihò ti há nìyẹn: ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn wá, tàbí kí wọ́n jùwọ́ sílẹ̀ nínú owó rẹ̀.